Àwọn Ìbejì Lijadu àti Orin Tí Ó Ti Òkè Òkun Wá

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òwe yìí kò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo àkókò tí mo fi ń ṣe ìwádìí lórí àwọn olórin wa tí wọ́n gba orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà bọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò. Èkíní ni pé, nígbà wo ni ohun tí a yá ń di tiwa? Èkejì ni pé, bí ó bá ti di tiwa tán, ta ni ó ni ín ní ti òfin àti ní ti owó? Iṣẹ́ àwọn ìbejì kan, Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí The Lijadu Sisters, ni n óò fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì.

Orúkọ Okrika

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ìhà ìlà-oòrùn kọjá. Okrika jẹ́ ìlú àwọn Ijaw kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Wakirike. Erékùṣù ni ìlú náà, kò sì jìnnà sí Port Harcourt, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí ọjà kan nílẹ̀ wa tí a kò ti í pe orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé òkìríkà ni a ń pe aṣọ àlòkù tí ó ti òkè òkun wá. Bí a ti máa ń gbọ́ ọ ni pé etí omi Okrika ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń já ìdì aṣọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọ inú ìlú lọ, tí orúkọ ìlú sì di orúkọ ọjà.

Ẹni tí ó bá mọ òkìríkà dáadáa mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni a ń gbà wọ̀ ọ́. Ẹnì kan lè wọ̀ ọ́ bí ó ti rà á, kí apá rẹ̀ gùn ju ọwọ́ lọ, kí ìbàdí rẹ̀ sì máa já bọ́. Ẹlòmíràn a gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, a tú u palẹ̀, a gé e, a sì tún un rán títí ẹni tí ó rí i kò fi ní mọ ibi tí ó ti wá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ yìí gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí orin.

Bí Orin Sóòlù Ti Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, orin háíláìfù ni ó jẹ ọba ní gbogbo gúúsù Nàìjíríà. Bobby Benson àti Victor Ọláìyá wà ní Èkó. Ní ẹ̀bá odò lọ́hùn-ún, ọmọ Buguma ni Rex Lawson, ìyẹn ni pé aládùúgbò àwọn ará Okrika ni. Ó fi onírúurú èdè kọrin, gbogbo orílẹ̀-èdè yìí ni ó sì fẹ́ràn rẹ̀ títí ìjàǹbá ọkọ̀ fi pa á ní oṣù kìíní ọdún 1971.

Ṣùgbọ́n kí ó tó kú ni orin mìíràn ti ń gòkè bọ̀. Àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni ó ni orin tí wọ́n ń pè ní rhythm and blues, àti sóòlù tí ó jẹ́ ọmọ rẹ̀. Orin oko ẹrú àti orin inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n pa pọ̀ dá a sílẹ̀. Nínú rẹ̀, olórin a máa fa ohùn, a máa yí i, a sì máa ké bí ẹni tí ẹ̀mí gbé. Àwọn kan wà láàárín wọn tí ó jẹ́ pé méjì méjì ni wọ́n ń kọ ọ́. Sam àti Dave jẹ́ ọkùnrin méjì, Ike àti Tina Turner sì jẹ́ tọkọtaya.

Ẹni tí ó gbé irú orin yìí wá síwájú àwọn ará wa jù lọ kì í ṣe òyìnbó rárá. Ọmọ Sierra Leone ni, Geraldo Pino ni orúkọ rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1960 ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Heartbeats, wọ Nàìjíríà tàwọn ti ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ ńláńlá, wọ́n sì ń kọrin bíi ti James Brown. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìdé Pino mi òun lọ́kàn. Pino padà fi Port Harcourt ṣe ibùgbé, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 2008. James Brown alára wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1970. Nígbà tí ó di ọjọ́ 6, oṣù kẹta, ọdún 1971, Wilson Pickett, Ike àti Tina Turner àti àwọn mìíràn ṣeré ńlá ní ìlú Accra ní Ghana, ibi tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Soul to Soul.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni ó dìde nígbà náà tí wọ́n kàn ń sín àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ. Bí wọ́n ti gbọ́ ọ nínú àwo ni wọ́n ń kọ ọ́, títí dé orí bí wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ láti imú. Ṣòkòtò tí ó ṣo ni ìyẹn. Àwọn díẹ̀ ni ó gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, àwọn ìbejì Lijadu sì wà lára àwọn díẹ̀ náà.

Ọmọ Ìyá Kan, Ohùn Kan

Ìlú Jos ni a ti bí Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu, ní ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 1948. Wọ́n jọra wọn bí imú ti jọra. Ìbátan Fẹlá ni wọ́n. Àwa Yorùbá ń bọlá fún ìbejì, a sì ní orin tiwọn lọ́tọ̀, èyí tí ìyá ìbejì ń kọ bí ó ti ń gbé wọn jó kiri ọjà. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ méjì tí ń kọrin pọ̀ jẹ́ ohun tuntun nínú àwo sóòlù ilẹ̀ wa, kò ṣàjèjì sí ojú àwọn ará ilé.

Ní òpin àwọn ọdún 1960 ni wọ́n gbé orin wọn àkọ́kọ́ jáde nínú àwo, wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní “Iya Mi Jowo”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní àkókò tí ẹni tí ó bá fẹ́ kí a pe òun ní olórin ìgbàlódé ní láti máa kọ Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ó yá, Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, gba aṣálẹ̀ Sahara kọjá nínú ọkọ̀ wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1971. Ó kó àwọn ọmọ wa jọ, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó pè ní Salt. Àwọn ìbejì Lijadu wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Berkely Jones àti Láolú Akins, àwọn méjì tí wọ́n wà lára ẹgbẹ́ BLO lẹ́yìn náà. Ẹgbẹ́ Salt yìí ni ó gbé àwọn ìbejì dé ìlú Munich ní Jámánì ní ọdún 1972, nígbà ìdíje Òlíḿpíìkì. Wọn kò ì tí ì pé ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà.

Àwo Mẹ́rin ní Ọdún Mẹ́rin

Ohun tí a ó máa fi rántí wọn títí ni àwo ńlá mẹ́rin tí wọ́n gbé jáde lábẹ́ àmì Afrodisia ti ilé-iṣẹ́ Decca. Danger jáde ní ọdún 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited sì ní 1979. Biddy Wright, ọ̀kan lára àwọn tí ó mọ onírúurú ohun èlò orin lò jù lọ nígbà náà, ni ó bá wọn ṣiṣẹ́ lórí wọn. Àwọn ìbejì fúnra wọn ni wọ́n ń kọ orin wọn.

Bí a bá gbọ́ àwọn àwo náà tẹ̀léra, a ó rí i bí aránṣọ ti ń ṣiṣẹ́. Nínú Danger, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀, gìtá àti dùùrù sì ń ta bí ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé wa ni wọ́n ń sọ. “Life's Gone Down Low” ń sọ nípa bí ayé ti le koko, ní àárín ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọlé bí òjò. “Amebo” sì jẹ́ orúkọ tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀dá inú eré Village Headmaster lórí tẹlifíṣọ̀n ni, òun ni ó sọ orúkọ náà di orúkọ gbogbo olófòófó. Nínú Mother Africa, tí ó jáde ní ọdún tí a ṣe FESTAC ní Èkó, Yorùbá ni ó gba iwájú. “Osupa” wà níbẹ̀, wọ́n sì tún “Iya Mi Jowo” kọ sínú rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di Horizon Unlimited, wọ́n ti fi “Orere-Elejigbo”, orúkọ tí àwọn ọmọdé ti mọ̀ nínú àlọ́, ṣe àkọlé orin tí a lè jó nílé ijó. Àlọ́ di sóòlù, sóòlù náà sì di àlọ́.

Ohùn Èdè àti Ohùn Orin

Èyí ni ó kan àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Gbogbo wa mọ̀ pé èdè olóhùn ni èdè wa. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Bí ohùn orin bá gòkè nígbà tí ohùn ọ̀rọ̀ ń sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ìyọnu yìí ni àwọn ìjọ Kristẹni kọ́kọ́ kó sí, nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ń gbọ́ ọ níta lè máà mọ ohun tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún. Àwọn bí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ni wọ́n wá ojútùú sí i. Wọ́n gbé orin kalẹ̀ ní ohùn tí ó bá ọ̀rọ̀ mu, a sì gba ohùn àlùfáà náà sílẹ̀ sínú àwo ní London ní àwọn ọdún 1920. T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1953.

Ìyọnu kan náà ni orin sóòlù tún gbé kò wá lójú, ó sì tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé adùn sóòlù wà nínú fífa ohùn sókè sódò. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyá. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ṣáájú, ohùn òkè ni ó tẹ̀lé e. Bí olórin bá fa òpin rẹ̀ wá sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ìyá ti di ìyà lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ènìyàn méjì ni ó ń kọ ọ́, tí ọ̀kan ń gòkè tí èkejì ń sọ̀, ọ̀rọ̀ ìkíní yóò máa ba ti èkejì jẹ́.

Ibi yìí ni ọgbọ́n àwọn ìbejì wà. Ohùn wọn méjèèjì a máa rìn pọ̀ bí ẹni tí ó so ọwọ́ pọ̀ ní ojú ọ̀nà. Bí ọ̀kan bá gòkè, èkejì a gòkè. Bí ọ̀kan bá sọ̀, èkejì a sọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti ń ṣe nínú orin ìbílẹ̀ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí ohùn kan ń gun orí èkejì láìfi ara wọn sílẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ fi ń já gaara létí ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá. Ìlù àti gìtá lè jẹ́ ti àlejò, ṣùgbọ́n ohùn Yorùbá ni ó ń darí wọn. Ní èrò tèmi, ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: ohun tí a yá di tiwa ní ọjọ́ tí èdè wa bá ti ń pàṣẹ fún un.

Obìnrin Láàárín Àwọn Ọkùnrin

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé obìnrin ni wọ́n. Kì í ṣe pé obìnrin kò kọrin rí nílẹ̀ wa. Bàtílì Àlàkẹ́ ti gbé orin wákà dé inú àwo ṣáájú wọn, Sàláwà Àbẹ̀ní náà sì gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976, ọdún tí Danger jáde. Ní 1981, Christy Essien-Igbokwe, tí kì í tilẹ̀ í ṣe ọmọ Yorùbá, fi “Seun Rere” gba ọkàn gbogbo ìyá àti ọmọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní agbo orin ìgbàlódé, ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń ta gìtá, ẹ̀yìn ni àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún obìnrin, láti máa gbè. Àwọn ìbejì Lijadu kọ̀, wọ́n dúró níwájú. Jeremy Marre, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ya sinimá Konkombe lórí àwọn olórin Nàìjíríà ní òpin àwọn ọdún 1970, kò yọ wọ́n sílẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn akọ̀ròyìn sọ lẹ́yìn náà, wọn kò fi pamọ́ pé ayé àwọn ọkùnrin ni iṣẹ́ orin, àti pé èrè tí wọ́n rí kò tó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

Ta Ni Ó Ni Orin?

Èyí ni ó gbé wa dé ìbéèrè kejì. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ìbejì kó lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi Brooklyn ní New York ṣe ibùgbé. Ilé-iṣẹ́ Shanachie kó díẹ̀ nínú orin wọn jọ sínú àwo kan tí ń jẹ́ Double Trouble ní ọdún 1984. Ìyà mìíràn tún dé ní 1996, nígbà tí Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì fara pa púpọ̀. Eré orí ìtàgé dáwọ́ dúró, Táíwò sì dúró ti ẹnì kejì rẹ̀.

Bí wọ́n ti dákẹ́ tó nì, orin wọn kò dákẹ́. Ní ọdún 2006, Nas, olórin ráàpù ọmọ Amẹ́ríkà, lo “Life's Gone Down Low” nínú orin tirẹ̀. Ẹ wo bí ayé ti yí! Orin tí ó ti Amẹ́ríkà wá bí òkìríkà, tí a tún rán nílùú Èkó, àwọn ará Amẹ́ríkà tún wá gbà á wọ̀. Ní 2011 àti 2012, ilé-iṣẹ́ Knitting Factory tún àwọn àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ní 2014, àwọn ìbejì tún gun orí ìtàgé ní New York, nínú eré tí wọ́n fi bọlá fún William Onyeabor, olórin ará Enugu. Ní ọjọ́ 9, oṣù kọkànlá, ọdún 2019, Kẹ́hìndé papò dà ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Kẹ́hìndé ni àgbà, òun ni a ní ó rán Táíwò síwájú láti lọ tọ́ ayé wò. Òun náà ni ó kọ́kọ́ padà sílé.

Kí ni òfin sọ? Nàìjíríà ti ní òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà láti ọdún 1970. A ṣe òmíràn ní 1988, òfin tuntun ti 2022 sì ni Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ẹ̀tọ́ méjì ni ó wà nínú orin tí a gbà sílẹ̀. Ọ̀kan wà lórí orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹnì kan fi orí rẹ̀ rò. Èkejì wà lórí ohùn tí a gbà sínú àwo. Ìwé àdéhùn ni ó sábà máa ń sọ ẹni tí ìkejì yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ́ olórin tí ojú ń kán láti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lórí rédíò a sì máa fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìkà á. Aránṣọ lè fi ọgbọ́n orí rẹ̀ tún aṣọ rán títí yóò fi yẹ ọba. Bí ìwé bá sọ pé ti ẹlòmíràn ni, ẹlòmíràn ni yóò tà á.

Iṣẹ́ Wa Gẹ́gẹ́ Bí Olùkọ́

Kí ni èyí kàn wá, àwa tí a fẹ́ lọ dúró níwájú ọmọ ilé-ìwé? Ó kàn wá ní ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní, nígbà tí a bá ń kọ́ ọmọ ní ohùn èdè, kí a má ṣe dúró lórí ọkọ àti ọkọ̀ tí a kọ sára pátákó nìkan. Kí a fi orin sí i, kí ọmọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ibi tí ìyá ti fẹ́ di ìyà àti bí olórin gidi ti yẹra fún un. Èkejì, àwo púpọ̀ ṣì wà nínú àpótí àwọn òbí wa tí eruku bò. Kí a kó wọn jọ, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe orin, ẹni tí ó lu ìlù, ẹni tí ó ta gìtá àti ọdún tí ó jáde sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, ó rọrùn láti gba ohun ìní rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ ọmọ tí ó bá ní ẹ̀bùn orin láti ka ìwé àdéhùn kí ó tó fọwọ́ sí i. Ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí a ń tìtorí rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ kò ní lílò tí ó ju ìyẹn lọ.

Àwọn ọmọ ìbejì méjì tí a bí ní Jos gba ṣòkòtò àlejò bọ̀, wọ́n sì tún un rán títí ó fi bá wọn mu rẹ́múrẹ́mú. Èyí tí ó kù sí wa lọ́wọ́ ni kí ẹni tí ó bá tún aṣọ rán lọ́la lè kó o sínú àpótí tirẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.